Bí Peculiar Ṣe Kọ́ Ètò

Lọ́jọ́ tí Peculiar fi bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wọlé láti iléèwé, bàbá rẹ̀ kò kọ́kọ́ nà án. Ó ní kí ó jókòó, kí ó ṣàlàyé fún òun bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe máa wọ kẹ̀kẹ́ ní Bódìjà, tí yóò sọ̀ kalẹ̀ ní Baṣọ̀run, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan á máa jó lórí títì gbígbóná, tí kò sì ní mọ̀. Ọmọbìnrin náà ronú dáadáa. Kò purọ́. Ó ní òkúta ló kó sí òun ní bàtà, òun bọ́ ọ láti gbọ̀n ọ́n dànù, ni òun bá rí alángbá kan lára ògiri tí ìrù rẹ̀ ti gé, òun sì dúró wò ó bóyá òmíràn ti ń hù. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn, òun kò rántí nǹkan kan mọ́.

"Alángbá," ni bàbá rẹ̀ wí. Ó tún un wí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó lọ mú bẹ́líìtì.

Theophilus Akínbíyìí ni orúkọ bàbá yìí, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ adójútòfò kan ní Dùgbẹ̀, díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Kì í ṣe òǹrorò. Tó bá na ọmọ náà tán, kì í lè jẹun. Ṣùgbọ́n ní Kíṣì tí wọ́n ti bí i, ẹgba ni bàbá tirẹ̀ fi tọ́ ọ, ó sì dá a lójú pé ẹgba yẹn ló sọ òun di ènìyàn. Àwọn ará ìjọ máa ń sọ pé kò sí ẹni tó létò bíi Díákónì Akínbíyìí: kì í pẹ́ dé, aṣọ rẹ̀ kì í rún, kì í pa ìpàdé jẹ. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀.

Láwùmí ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ ohun tó gbé ètò náà dúró. Onídìrí ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Agbowó, lódìkejì yunifásítì. Òun ló ń kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, awò ojú àti káàdì iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n láràárọ̀ kí ó tó jí. Bó bá ń dirun lọ́wọ́, á há fóònù sí èjìká, á pè é ní Dùgbẹ̀: "Ẹ ti fi fáìlì yẹn ránṣẹ́? Ìpàdé yín o, ẹ má jókòó gbàgbé." Bí wọ́n bá ń jẹun alẹ́, á bi í pé, "Ta ló pè yín lónìí? Kí ni wọ́n sọ?" Kí wọ́n tó fẹ́ra, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Theophilus rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò bọ́ mọ́. Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí.

Nígbà tó yá, olùkọ́ Peculiar ránṣẹ́ pé ọmọ náà ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì, síbẹ̀ kò sí iṣẹ́ kan tó ń parí. Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń wá dirun lọ́dọ̀ Láwùmí júwe dókítà kan fún un, tó ń tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Láwùmí bẹ ọkọ rẹ̀ títí tó fi tẹ̀lé wọn.

Dókítà Bàdírátù jẹ́ obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ó bá Peculiar ṣeré, ó bi àwọn òbí ní ìbéèrè rẹpẹtẹ, ó ka ohun tí olùkọ́ kọ. Ó wá sọ orúkọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà fún wọn, lẹ́tà òyìnbó mẹ́rin: ADHD.

"Kì í ṣe orí kunkun, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ," ló wí. "Ọpọlọ ẹ̀ jí pépé. Ṣùgbọ́n bí ohun kan bá ti kúrò níwájú ẹ̀, àfi bí ẹni pé ohun náà ti kúrò láyé. Ẹ lè nà án títí, ìnà ò lè mú un rántí. Ẹ gbé nǹkan síwájú ẹ̀ ni. Kí ohun kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ń gbé, kí ibẹ̀ má sì yí padà. Ẹ má sọ fún un pé kó lọ múra. Ẹ ní kó wọ ìbọ̀sẹ̀. Tó bá wọ̀ ọ́ tán, ẹ yìn ín kí ẹ tó sọ èyí tó kàn. Bí iṣẹ́ bá gùn, ẹ gé e sí kékeré, kó máa sáré káàkiri díẹ̀ láàárín."

"Ṣé ó máa ń kúrò lára wọn?" ni Láwùmí bi í.

"Lára àwọn mìíràn, ó máa ń dín kù. Àwọn mìíràn ń gbé e dàgbà ni. A sì máa ń rí i nínú ẹbí. Nígbà mìíràn ọmọ ni wọ́n máa gbé wá, a ó wá rí i pé bàbá tàbí ìyá náà ní in, wọn ò kàn mọ̀ ni."

Láwùmí wo ọkọ rẹ̀. Theophilus ń mi ẹsẹ̀. Ó ti tú bírò dókítà palẹ̀ sórí itan, ó sì ń wá ibi tí sípíríǹgì rẹ̀ fò lọ.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, Láwùmí ra páálí funfun àti bírò aláwọ̀ oríṣiríṣi. Òun àti Peculiar jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ya gbogbo òwúrọ̀ sórí páálí: búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, garawa omi ìwẹ̀, ìbọ̀sẹ̀, búrẹ́dì, báàgì. Wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé ẹnu ọ̀nà ìta, kí ọmọ náà lè máa tẹ̀lé wọn bí ẹni ń tọ ipasẹ̀. Abọ́ rọ́bà pupa kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ohunkóhun tó bá ń lọ sí iléèwé, inú rẹ̀ ló ń sùn. Fóònù Láwùmí á dún fún ìwẹ̀, á dún fún oúnjẹ, á dún fún àtijáde. Tí Peculiar bá ṣe ìṣirò díẹ̀, á sáré yí ilé po, á padà wá ṣe díẹ̀ sí i, á máa mí hẹlẹ.

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló ń dára. Àárọ̀ kan wà tó tọ àwòrán dé orí búrẹ́dì, tó wá jókòó ti búrẹ́dì náà, tó ń fi èérún rẹ̀ kọ́ ilé fún èèrà. Ṣùgbọ́n nǹkan kò sọ nù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Olùkọ́ gbé ìjókòó rẹ̀ wá síwájú. Nígbà tí sáà parí, kò sí "kì í fọkàn sí iṣẹ́" nínú káàdì ìdánwò rẹ̀, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Peculiar gbé káàdì náà káàkiri àdúgbò, ó kà á fún adìẹ ará ilé kejì.

Theophilus kò sọ pé ó dára, kò sì sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ wọlé, Láwùmí rí i tó na ọwọ́, tó ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti káàdì iṣẹ́ rẹ̀ sínú abọ́ pupa, láìmọ̀ pé ẹnì kan ń wo òun. Inú Láwùmí dùn débi pé kò ro ọ̀rọ̀ kí ó tó sọ ọ́.

"Dádì Peculiar, ẹ ò wá rí i báyìí?" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀dọ̀ yín ló ti mú un. Gbogbo ohun tí dókítà ń sọ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin ni mo ń rí."

Peculiar gbọ́. Ó fò dìde. "Dádì náà ní in? Dádì, ṣé ẹ̀yin náà máa ń gbàgbé nǹkan?" Ó sáré lọ dì mọ́ ọn. Ọmọ tí gbogbo ènìyàn ń bi pé ta ló jọ, ó ti rí ẹni tí òun jọ.

Ó lè jẹ́ ayọ̀ ọmọ náà gan-an ló dun Theophilus jù. Ó já a kúrò lára.

"Láwùmí, o ń sọ fún ọmọ mi pé orí mi ò pé?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo wí o. Dókítà ní—"

"Dókítà! Nínú gbogbo ọmọ bàbá mi, ta ló dé yunifásítì bí kò ṣe èmi? Ta ló ń ka Bíbélì níwájú ìjọ? Èmi lo wá sọ di aláàrùn lójú ọmọ?"

Ó lọ síbi ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn páálí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹnu ọ̀nà ìta padà sí yàrá. Ọ̀dà ògiri ń tẹ̀lé wọn já wá. Peculiar ń wò ó. Kò sunkún. Ó kàn ń dárúkọ wọn wúyẹ́wúyẹ́ bí wọ́n ṣe ń lọ: báàgì, búrẹ́dì, ìbọ̀sẹ̀.

Nígbà tí Peculiar fi máa wọ girama, Theophilus ti gba àyè fún un ní iléèwé onílé-gbígbé kan lápá Òkè Ògùn. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n á ti fi ètò sí i lára. Láwùmí bẹ̀ ẹ́, ó bínú, ó ní kí Dókítà Bàdírátù pè é. Theophilus kò gbé fóònù. "Ọmọ mi ò ní máa ka ògiri," ló ń wí, "bí ẹni ń wá ọ̀nà nínú ilé bàbá ara ẹ̀."

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un lọ, Láwùmí ti rán orúkọ rẹ̀ mọ́ gbogbo aṣọ. Ó gbé abọ́ pupa náà àti páálí tuntun dání. Mátírọ́ọ̀nù tó gbà wọ́n wọlé yẹ̀ wọ́n wò, ó sì dá wọn padà fún un.

"Níbí, orí la fi ń rántí nǹkan, mà."

Theophilus mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà ni Láwùmí ti fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Kò bá a jà. Ó ń se oúnjẹ, ó ń kí i káàbọ̀, ó ń lọ aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kó kọ́kọ́rọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n mọ́, kò pè é ní Dùgbẹ̀ mọ́, kò bi í pé ta ló pè é. Tí orí rẹ̀ bá pé bó ṣe wí, kó máa fi ṣiṣẹ́. Láàárọ̀, á gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń tú ilé, tí ó ń kùn, tí ó ń ṣí dúrọ́ọ̀ kan náà léraléra. Á rọra máa mu tíì rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá Theophilus fún un ní ìwé ìkìlọ̀, àánú rẹ̀ ṣe Láwùmí, ṣùgbọ́n nǹkan kan nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún ń jẹ adùn rẹ̀.

Ní Òkè Ògùn, garawa Peculiar ló kọ́kọ́ sọ nù. Ó mú èyí tó wà nítòsí. Ó yá ṣíbí, ó gbàgbé láti dá a padà. Lọ́jọ́ òtútù kan ó wọ súwẹ́tà ọmọ kan, nígbà tó sì bọ́ ọ, inú àpótí ara rẹ̀ ló kó o sí, torí ó ti gbàgbé pé kì í ṣe tòun. Wọ́n tú àpótí náà, wọ́n bá súwẹ́tà, ṣíbí àti ìwé àwọn ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó ní òun kò jí wọn. Wọ́n ní báwo ni wọ́n ṣe wá débẹ̀? Ó ní òun kò mọ̀. Òtítọ́ sì ni.

Ọ̀gá iléèwé pe bàbá rẹ̀. Theophilus wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Mọ́kọ́lá, ó tẹ orí ba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá iléèwé ní ọ̀rọ̀ olè jíjà ti dé, kí ó wá lọ́jọ́ Ajé, kí ó wá gbọ́ tẹnu ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó dá ẹjọ́. Theophilus gbé orí sókè. "Mò ń bọ̀, sà. Mò ń bọ̀ láìkùnà." Ó fi fóònù sápò. Mẹkáníìkì bi í bóyá kí òun pààrọ̀ bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì náà ni, àbí kí wọ́n ṣì máa lò ó. Wọ́n jiyàn lórí rẹ̀, wọ́n ṣáná sí ọkọ̀, ó dún dáadáa. Nígbà tí Theophilus fi máa dé Baṣọ̀run, ìpè náà ti lọ pátápátá. Kì í ṣe pé ó fi pa mọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Kò sí níbẹ̀ mọ́ ni.

Ọjọ́ Ajé dé, wọn kò rí ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ OLÈ gàdàgbà sára pákó, wọ́n so ó mọ́ Peculiar lọ́rùn, wọ́n ní láràárọ̀ ni yóò máa fi dúró níwájú gbogbo iléèwé títí òbí rẹ̀ yóò fi yọjú.

Láwùmí ló yọjú, lọ́jọ́ àbẹ̀wò, pẹ̀lú ìrẹsì àti ẹran díndín nínú kúlà. Ó ti wá sùn ní ìlú náà kí ó lè tètè dé. Àwọn ọmọ ṣì wà lórí ìlà. Ó rí ọmọ kan níwájú tí pákó wà lọ́rùn rẹ̀, àánú ọmọ ọlọ́mọ ṣe é. Ó tún un wò kí ó tó mọ̀ pé tòun ni. Ọmọ náà ti rù, ó sì dúró láìmira, ohun tí Peculiar kò ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

"Mọ́mì," ni ọmọ náà wí jẹ́jẹ́, "ṣé Dádì ò sọ fún yín ni? Wọ́n ní wọ́n ti pè wọ́n."

Láwùmí fi eyín já okùn pákó náà. Ọ̀gá iléèwé sáré wá. "Mà, bàbá ẹ̀ ní òun ń bọ̀. A retí wọn títí."

"Ọmọ tó ń gbàgbé nǹkan ni mo fún yín," ni Láwùmí wí. "Ẹ sọ ọ́ di olè."

Nínú ọkọ̀, Peculiar gbé báàgì rẹ̀ sórí itan, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó ń fọwọ́ kan nǹkan kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dúró ní Ìsẹ́yìn tí àwọn ọlọ́sàn ń pariwo lójú fèrèsé, kò wo ìta.

Theophilus wà ní pálọ̀ nígbà tí wọ́n wọlé. Ó dìde.

"Ṣé wọ́n pè yín?" ni Láwùmí bi í.

"Ta ni?"

"Iléèwé. Wọ́n ní ẹ sọ pé ẹ ń bọ̀."

Ẹnu rẹ̀ ṣí. Láwùmí rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń padà wá sójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti rìn jìnnà kí ó tó rántí pé òun fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná. Theophilus jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mo gbàgbé," ló wí. "Láwùmí, Ọlọ́run gbọ́, mo gbàgbé ni."

"Mo gbà yín gbọ́."

Èyí tó kù kò ṣeé sọ: pé bó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, òun ì bá ti bi í nídìí oúnjẹ pé ta ló pè é lónìí, ọ̀rọ̀ náà ì bá sì ti jáde kí wọ́n tó ṣan ọwọ́. Òun ló ti gbẹ́nu dákẹ́. Ọkọ ló fi ń jẹ níyà, ọmọ ni ìyà náà wá bá.

Fún ìgbà díẹ̀, Theophilus rọ̀. Ó gbà láti bá wọn lọ sọ́dọ̀ Dókítà Bàdírátù. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, ó ní kí wọ́n máa wọlé, pé òun ń wá ibi tí òun máa gbé ọkọ̀ sí. Inú ọkọ̀ náà ni wọ́n bá a nígbà tí wọ́n jáde. Láwùmí tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Dókítà ní kí wọ́n padà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má kánjú. Láwùmí ra páálí. Bó ṣe gbé èyí àkọ́kọ́ sókè, Peculiar sún sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ bo ọrùn.

"Mọ́mì, ẹ má kọ nǹkan kan nípa mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́. Mo ti ń rántí."

Ó ti ń rántí lóòótọ́. Ní iléèwé tuntun tí wọ́n fi í sí ní Bódìjà, kò gbàgbé ohunkóhun. Á di báàgì rẹ̀ nírọ̀lẹ́, á tú u, á tún un dì. Tó bá jí, á tún tú u. Á yẹ orúkọ ara ìwé kọ̀ọ̀kan wò bóyá tirẹ̀ ni lóòótọ́. Kì í yá nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní kíláàsì, kì í nawọ́ láti dáhùn ìbéèrè mọ́. Ó ń jẹ èékánná débi pé ẹ̀jẹ̀ ń ta sí ìwé. Dókítà Bàdírátù sọ fún Láwùmí pé èyí kì í ṣe ètò, ìbẹ̀rù ni, àti pé yóò pẹ́ kí ó tó lọ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ rẹ̀ kọ̀wé sílé pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, pé ètò rẹ̀ wú òun lórí, pé ó yẹ kí àwọn yòókù máa fara wé e.

Theophilus ka ìwé náà, ó tún un kà. Láwùmí rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe ń nà padà. Ó ti rí ohun tí òun lè gbà gbọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà ẹ̀rí, ó dìde. Ó ní ọmọbìnrin òun kò lè parí nǹkan kan tẹ́lẹ̀, pé àwọn kan tilẹ̀ ní àìsàn ni. "Mo mú un lọ síbi tí ìbáwí wà," ló wí, "Olúwa sì fi ètò sí i lára. Ẹ wò ó lónìí!" Ìjọ pariwo Halelúyà. Peculiar jókòó ti ìyá rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó tẹjú mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, Àyọ̀ká, obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Ring Road, wá bá Theophilus. Ọmọ rẹ̀, Olúwaníyì, ń parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. "Díákónì, ẹ jọ̀ọ́, iléèwé wo ni? Ọmọ yìí ò lè jókòó, kò lè rántí nǹkan, ó ti fẹ́ pa mí." Theophilus sọ orúkọ iléèwé náà fún un. Ó wá nọ́ńbà ọ̀gá ibẹ̀ jáde nínú fóònù rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Láwùmí lé Àyọ̀ká bá níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ má mú un lọ síbẹ̀ o. Ẹ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́la, màá mú yín lọ sọ́dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa irú àwọn ọmọ báyìí. Ohun tí ẹ gbọ́ yẹn kọ́ ló ṣẹlẹ̀."

"Mọ́mì Peculiar, tiyín ti dára tán. Ẹ jẹ́ kí tèmi náà dára."

"Kò dára. Ẹ wò ó."

Àyọ̀ká wò ó. Ó rí ọmọbìnrin kan tó dúró ti ọkọ̀ bàbá rẹ̀, tí aṣọ rẹ̀ mọ́, tí kò mira. "Ì bá wù mí kí Olúwaníyì lè dúró báyẹn," ló wí, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.

Kò wá sí Agbowó lọ́jọ́ kejì, kò sì gbé fóònù. Nígbà tí sáà tuntun wọlé, Theophilus ló ní òun máa fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí Òkè Ògùn, torí òun mọ ọ̀nà. Gbogbo ohun tó kù ni Láwùmí ń rán an létí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, àfi èyí. Ó gbàdúrà kí ó gbàgbé. Kò gbàgbé. Àyọ̀ká mú ọmọ rẹ̀ wá sí Baṣọ̀run láàárọ̀, wọ́n di ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀.

Olúwaníyì ti wọlé, ó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, ó ń bi Theophilus bóyá wọ́n máa kọjá odò, bóyá ejò wà níbẹ̀. Peculiar jáde láti inú ilé. Ó lọ sí ojú fèrèsé ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Garawa rẹ," ló wí, "má gbé e sílẹ̀ níbì kankan. Máa gbé e sùn. Bí òtútù bá mú ẹ, má yá súwẹ́tà ẹnikẹ́ni. Ṣé o gbọ́?"

Ọmọkùnrin náà ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kúrò lára Peculiar, ó ń wo ẹyẹ méjì tó ń jà lórí wáyà iná, ó sì ń rẹ́rìn-ín.